Ẹnìkan ní ọwọ́ tí mo yà dà bí ẹ̀ka igi, mi ò sì lè fi àwòrán mi han ẹnikẹ́ni mọ́

OjúPẹ́ńsù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ká fọwọ́ ṣe nǹkan ká sì gbé e síta fún aráyé wò.

Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń fi pẹ́ńsù ya àwòrán. Ọwọ́ èèyàn ni mo máa ń yà jù. Ojú kì í fà mí mọ́ra tó ọwọ́. Èèyàn lè fi ojú parọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, gbogbo ohun tó ṣe ló wà lára rẹ̀. Mo ti ya ọwọ́ ẹni tó ń to bíríkì, mo ti ya ọwọ́ ọmọdé tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, mo ti ya ọwọ́ ọkùnrin kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀, tó ń fi àtàǹpàkò kan ra ìkejì láti ibi tó ti wọlé títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ìwé 7 ló ti kún. Inú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n wà, èmi nìkan ló ń ṣí i.

Lóṣù tó kọjá, mo ya ọwọ́ màámi níbi tí wọ́n ti ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi yà á. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ohun kan ṣe mí tí kò ṣe mí rí. Ó dà bíi pé àwòrán náà ti kúrò ní tèmi nìkan, pé ó ń wá ẹni tó máa wò ó. Mo fi fóònù yà á lábẹ́ iná, mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo lọ sùn.

Nígbà tí mo jí, èèyàn 43 ti sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn 42 kí mi kú iṣẹ́. Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí wá kọ ọ́ pé: "Ṣé ọwọ́ rèé àbí ẹ̀ka igi? Kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àtàǹpàkò kó o tó máa pe ara rẹ ní ayàwòrán." Mi ò pe ara mi ní ayàwòrán rí láyé mi. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, ara mi ń gbọ̀n. Tí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí àwọn 42 yòókù kọ, mi ò rántí ẹyọ kan. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí mo fi yọ àwòrán náà kúrò.

Láti ìgbà náà, ìgbà mẹ́fà ni mo ti jókòó pé mo fẹ́ yàwòrán. Kí n tó fa ìlà kẹta, mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹni yẹn máa wí sí i. Èyí tó dùn mí jù ni pé ayọ̀ wà nídìí iṣẹ́ yìí fún mi tẹ́lẹ̀, ayọ̀ tó dákẹ́, tí kò ní ariwo. Mo fẹ́ fi tàwọn aráyé kún un ni. Mi ò rí tàwọn aráyé, tèmi náà sì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí tí ọwọ́ yín ò fi kú? Àbí kí n kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí, kí n gbà pé kì í ṣe ohun gbogbo ló yẹ kó jáde?

Akọ̀tàn:

Pẹ̀lẹ́ o, ará. Ìtàn lèmi ń kọ. Lọ́jọ́ tí mo bá gbé ìtàn jáde, mi ò kì í wo ohun tí ẹnikẹ́ni kọ sí i. Mo máa ń fún un ní ọjọ́ méjì gbáko. Ní ọjọ́ kẹta, ìtàn náà á ti jìnnà sí mi díẹ̀, màá lè wò ó bí ẹni ń wo iṣẹ́ ẹlòmíì. Gbólóhùn kan náà tí ì bá gún mi bí ọ̀bẹ lọ́jọ́ kìíní, mo lè kà á lọ́jọ́ kẹta kí n sọ pé, "Áà, ibẹ̀ yẹn há lóòótọ́." Ìwọ ka tìẹ ní àárọ̀ kùtù, lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn alẹ́ mẹ́rin tó o ti fi oorun rẹ yàwòrán. Ta ni kò ní dùn?

Ohun kan tún wà tó ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ònkàwé bá sọ pé, "Ojú ewé kẹrin sú mi," mo máa ń gbà á gbọ́, torí òun ló mọ̀ bóyá ó sú òun. Àmọ́ tó bá sọ pé, "Ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ kú níbẹ̀," mo máa ń dúró ná. Ẹni tó ní ibì kan ń ro òun, a ò lè bá a jiyàn. Ìyẹn ò ní kí egbòogi tó júwe fúnra rẹ̀ jẹ́ èyí tó máa wò ó. Ohun tí ojú ẹni yẹn rí ni àtàǹpàkò. Má tẹ̀ lé ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí kò mọ̀ ọ́, kò sì mọ ohun tó o ń pe ara rẹ.

BàbáOlórin:

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ, torí ohun tó o ṣe lọ́jọ́ tó o yọ àwòrán yẹn kúrò, ẹni tó ju gbogbo wa lọ ti ṣe é rí.

Ará Rọ́ṣíà kan tó ń kọ orin ni, Sergei Rachmaninoff. Ẹni ọdún 23 ni ní 1897, nígbà tí wọ́n gbé sínfónì rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn orin gígùn fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, jáde fún gbogbo èèyàn ní St. Petersburg. Ìdánrawò tí àwọn olórin náà ṣe kò tó, wọ́n sì ba orin náà jẹ́. Olórin kan tó tún jẹ́ alámèyítọ́, César Cui, wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé bí ilé ẹ̀kọ́ orin bá wà ní ọ̀run àpáàdì, irú orin yìí ló máa dùn mọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orin kankan mọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ní 1900 ló lọ bá dókítà kan, Nikolai Dahl, tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú ọkàn èèyàn. Lẹ́yìn náà ló kọ kọnṣẹ́tò kejì fún dùùrù, ìyẹn orin tí dùùrù àti ẹgbẹ́ olórin jọ ń ṣe, wọ́n ṣe é tán pátá fún aráyé ní 1901, dókítà yẹn ló sì fi orin náà bu ọlá fún.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dá ìtàn náà dúró, torí ó dùn-ún gbọ́. Èmi kì í dá a dúró níbẹ̀. Sínfónì àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é mọ́ títí tó fi kú ní 1943. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rí ìwé tí olórin kọ̀ọ̀kan fi ṣe é ní Leningrad, orúkọ tí wọ́n ń pe St. Petersburg nígbà yẹn, wọ́n tò wọ́n pa pọ̀, wọ́n sì ṣe é ní Mọsko ní 1945. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Orin gidi ni, ó lágbára, ó ní àwọn ibi tó rí bákan, bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin rí. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́ kí wọ́n ṣe é fún aráyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bà á jẹ́. Omi máa ń bọ́ lójú mi tí mo bá rántí ẹ̀.

Mi ò sọ pé irọ́ ni Cui pa. Ohun tó gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn burú. Àmọ́ kò lè ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìwọ náà, o ní abẹ́ iná lo ti fi fóònù ya àwòrán rẹ lóru. Ṣé gbogbo òjìji tó o fi pẹ́ńsù ṣe ló jáde? Bóyá ẹni tó rí i lórí fóònù kò tíì rí ohun tó o yà.

Ìbéèrè kan tún wà. Ṣé màmá rẹ ti rí i?

Ẹsẹ̀Ijó:

Ẹ kú àárọ̀ o. Ijó lèmi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò mọ sí orí ijó.

Oníjó kan wà ní Amẹ́ríkà, obìnrin ni, Liz Lerman. Ní 1990 ó bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan fún bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣì ń ṣe lọ́wọ́, kí ara ẹni náà lè yá láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó wò ó á sọ ohun tó wọ̀ wọ́n lára, ohun tí wọn ò lè gbàgbé nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ṣe é ló máa béèrè tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn òǹwòran á béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò fi èrò wọn pamọ́ sínú. Ìgbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin ni èrò tó wọlé, ìyẹn náà sì níláti tọrọ àyè: "Mo ní èrò kan lórí àtàǹpàkò yìí, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ?" Ẹni tó ni iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ló ṣòro jù fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. "Kí ló dé tó o fi ń jó lọ́ra báyìí?" kì í ṣe ìbéèrè, ìdájọ́ ni. "Báwo lo ṣe yan bí ijó yìí ṣe máa yá tó?" ìyẹn ni ìbéèrè. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó dákẹ́ láàárín ìdáhùn, tó ní, "Ẹ dúró, mo ti mọ̀ ọ́n," tó sì lọ tún ijó náà ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ èrò kankan.

Ẹni tó kọ̀wé sí ọ fo gbogbo ìyẹn, ó bẹ́ gìjà sí ìparí. Jẹ́ kí n padà sí ẹ̀ẹ̀kẹta fún ọ. Kí lo rí lára àtàǹpàkò màmá rẹ nígbà tó o ń yà á?

OjúPẹ́ńsù:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Bàbá, mi ò tíì fi han màámi. Ẹ̀gbọ́n Ẹsẹ̀Ijó, ìbéèrè yín mú mi jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Àtàǹpàkò màámi wọ́. Ilẹ̀kùn irin ló gbá a mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, egungun náà ò sì so pọ̀ bó ṣe yẹ. Tí a bá fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n máa ń mú ọwọ́ yẹn lọ sẹ́yìn. Wọn kò lè fi orí àtàǹpàkò náà di òwú mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n á yí gbogbo ọwọ́ sápá kan, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó. Ohun tí mo jókòó yà nìyẹn. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ àwòrán náà láti ṣàlàyé.

Torí náà, ohun tó jẹ́ òótọ́ jù nínú àwòrán yẹn ni ẹni náà bú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ronú kan ibẹ̀, inú bí mi. Àmọ́ mo níláti sọ òmíràn tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ ìrora ọjọ́ yẹn, ohun kan wà tí mo ti mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ti rẹ̀ mí, mo sì ń kánjú. Mi ò wo àwọn ìka mẹ́rin yòókù mọ́, mo kàn yà wọ́n bí mo ṣe rántí wọn. Ó ṣe mí bíi pé ẹni yẹn dúró sẹ́yìn mi ní alẹ́ náà.

DúdúLóríFunfun:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Èmi náà ń yàwòrán, mo sì ti kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ẹlòmíì rí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló gbé àwòrán odò tó fi ọ̀dà olómi kùn síta. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé omi kì í ṣàn gòkè. Òótọ́ ni mo sọ, mo sì rò pé mo ràn án lọ́wọ́. Kò gbé àwòrán mìíràn síta mọ́. Mo kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mi ò rí èsì. Ẹyin lohùn. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń béèrè kí n tó sọ̀rọ̀, torí náà mo bi ọ́: ṣé o fẹ́ gbọ́ èrò mi lórí ọwọ́ yẹn?

OjúPẹ́ńsù:

Mo fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́.

DúdúLóríFunfun:

Ó dáa. Ojú èèyàn máa ń gba ohun kan tó ṣàjèjì nínú àwòrán, bí gbogbo ohun tó yí i ká bá gún. Bí àwọn ìka mẹ́rin bá ti ṣì díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò tó wọ́ á kàn jẹ́ àṣìṣe karùn-ún. Bí àwọn mẹ́rin bá pé, ẹni tó ń wò ó á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìwọ ò ṣì í, pé ọwọ́ náà ló rí bẹ́ẹ̀. Á sì fẹ́ mọ ìdí.

Wọn gígùn àwọn ìka náà. Tí a bá wo ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ìka àárín láti oríkèé ìdí rẹ̀ dé ṣóńṣó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì gígùn gbogbo ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́. Àtàǹpàkò tí kò ní nǹkan kan ṣe, tí a bá fi lé ẹ̀gbẹ́ ìfábẹ̀lá, orí rẹ̀ kì í sábà kọjá àárín ìpín àkọ́kọ́ ìka náà. Gbé àwòrán náà síwájú dígí, tàbí kó o dorí rẹ̀ kodò. Ojú rẹ ti mọ́ ọn lára jù, dígí á sọ ọ́ di tuntun fún ọ. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Dígí lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn kí ẹni ẹlẹ́ni tó dé.

Má sì ṣe tún àtàǹpàkò yẹn tò. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wàá mú kó gún régé torí kó lè tẹ́ aráyé lọ́rùn. Ṣe ni kó o jẹ́ kí òjìji fi oríkèé tó kúrò láyè rẹ̀ hàn kedere, kí awọ tó fà lórí rẹ̀ hàn.

OjúPẹ́ńsù:

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo gbé àwòrán náà síwájú dígí. Ìfábẹ̀lá kúrú, ó kúrú gan-an, mi ò sì mọ bí mi ò ṣe rí i láti ọjọ́ yìí. Ìka tó kéré jù dà bí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo mú bébà tuntun, mo sì sọ fún màámi pé kí wọ́n bá mi jókòó. Wọ́n béèrè ohun tí mo fẹ́ yà. Mo ní ọwọ́ wọn. Wọ́n ní èwo nínú ọwọ́ méjèèjì, mo sọ fún wọn. Wọn ò fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n mú abẹ́rẹ́.

Alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ní alẹ́ kejì mo ṣàkíyèsí pé mi ò gbọ́ ohùn ẹni yẹn láti wákàtí kan. Bóyá torí pé mò ń wọn nǹkan ni, ìka kan sí ìkejì, ojú mi ò ráyè fún ohun mìíràn.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gbé e fún wọn. Wọ́n lọ mú awò ojú wọn. Wọ́n tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, wọ́n gbé ọwọ́ wọn lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá ń rọra yí àtàǹpàkò náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi rí gẹ́lẹ́ bó ṣe rí nínú àwòrán. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "O ti ń wò ó tipẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí nígbà yẹn. Àwọn 42 tó kí mi kú iṣẹ́ ṣeun, Ọlọ́run á ṣe tiwọn náà, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi gbé àwòrán jáde lóru ọjọ́ kìíní, òun nìyí. Mo fẹ́ kí ẹnìkan rí i pé mo rí i.

Wọ́n wá béèrè bóyá mo tún ní òmíràn. Mo fa àpótí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ò sùn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìwé kẹta ni wọ́n ti rí ọwọ́ bàbá mi tí mi ò rántí pé mo yà, wọn ò sì jẹ́ kí n ṣí ojú ewé náà kọjá fún ìgbà pípẹ́.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó gbé tuntun náà síta, torí ọwọ́ wọn ni. Wọ́n gbà. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni mo fi yà á lọ́tẹ̀ yìí, nítòsí fèrèsé, Bàbá. Mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí Akọ̀tàn ṣe wí, ó le o, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé fóònù tí mo tún dá a padà. Lónìí ni mo wò ó. Èèyàn 19 ló sọ̀rọ̀. Ẹnìkan béèrè ohun tó ṣe àtàǹpàkò náà, mo sì sọ fún un. Ẹlòmíì ní àyè tó wà lẹ́yìn ọwọ́ náà ṣófo jù, pé ó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àyà mi já díẹ̀. Mo wá kọ̀wé sí i, mo béèrè pé apá ibo gan-an. Ó ní apá òsì, lókè, níbi tí òwú ti jáde.

Mo ti dorí àwòrán náà kodò báyìí, mò ń wo apá òsì. Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.